Ẹsẹ̀ Màmá Ọlọ́kọ̀

"Tún un ṣe! Mi ò tíì ká a dáadáa." Olóòtú, ọ̀rẹ́ Fúúmù tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ torí fídíò tó ń ká kiri, ló ń pariwo láti àga ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé fóònù sójú. "Jẹ́ kó bú ramúramù lọ́tẹ̀ yìí. Àbí ọkọ̀ ìyá ẹ ń ṣòjòjò ni?"

Fúúmù rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ jíà mú. Láti kékeré ló ti ń jẹ́ Fúúmù, torí pé bí wọ́n bá ti gbé e jókòó sórí àga báyìí, kó máa fi ẹnu pariwo ọkọ̀ ni, títí itọ́ á fi máa ta sí ará ilé lára. Ní báyìí tó ti wà ní kíláàsì àṣekágbá, ọkọ̀ gidi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ni ín. Òun ni obìnrin náà fi ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé ìwé láàárọ̀, tó sì fi ń kó wọn bọ̀ lọ́sàn-án. Òun náà ló ń bọ́ tìyá tọmọ látọjọ́ tí bàbá ti kú. Kò sí ẹni tó ń pe obìnrin náà lórúkọ mọ́ ládùúgbò. Màmá Ọlọ́kọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ọkọ̀ náà kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Irú èyí tó ń yan jíà fúnra rẹ̀ ni, ó sì ti dàgbà. Nígbà tí Màmá Ọlọ́kọ̀ ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wà á, ohun tó tẹnu mọ́ jù nìyẹn. "Má bá a yàn án o. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó lọ sókè, ó mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Tìẹ ni kó o wojú títì." Torí orúnkún ọ̀tún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ló ṣe ń kọ́ ọ. Ó ní lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ yìí bá kọ̀ pátá, kí ọmọ òun lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ṣùgbọ́n Fúúmù àti Olóòtú ti wo fídíò títí ojú wọn fi pọ́n. Nínú fídíò, awakọ̀ eré ìje á máa sáré bọ̀, á já jíà sílẹ̀, á tẹ tọ́rótù tó ń fún ẹ́ńjìnì lépo díẹ̀ kí eré ẹ́ńjìnì lè bá eré táyà dọ́gba, á wá fa jíà wá sí kékeré. Ọkọ̀ á ké, "Wúùù!", á sì bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan tiẹ̀ wà tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ń ṣe é. Fúúmù rò pé gbogbo ọkọ̀ tí kò bá ti ní kílọ́ọ̀ṣì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

"Ọkọ̀ ìyá ẹ ń yan jíà," Olóòtú sọ lọ́jọ́ kan níwájú àwọn ẹgbẹ́ wọn, "àmọ́ kò mọ̀ ọ́n yan!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Fúúmù dé egungun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yìí, tí ìyá rẹ̀ ní kó lọ ra epo sọ́kọ̀, ó yà bàrá sí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn pápá.

Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é, eré kò pọ̀, ọkọ̀ gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jẹ́ kó sáré dáadáa. Ó ti jíà sí fíríì, níbi tí kò ti di nǹkan kan mú, ó tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnì ké, Olóòtú náà ké. Fúúmù kò tíì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù tó fi fa jíà wá sí èyí tó kéré jù. Nǹkan dún "gbàà!" lábẹ́ wọn, ọkọ̀ ta gìrì, orí Olóòtú sì lọ gbá àga iwájú.

"O ò rí i!" Olóòtú ń fọwọ́ pa iwájú orí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Fídíò yìí máa jà ràn-ìn!"

Fúúmù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bó ṣe ń wakọ̀ lọ sílé, ó mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé. Ẹ́ńjìnì á ké, ọkọ̀ ò ní lọ, á pẹ́ díẹ̀ kí jíà tó di nǹkan mú. Òórùn epo tó ń jó sì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ síbi tí ìyá rẹ̀ máa ń gbé e sí, ó nù ún, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà.

"Ṣé kò sí nǹkan?" ìyá rẹ̀ bi í. Ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó ń fi omi gbígbóná jó orúnkún.

"Kò sí nǹkan, mà."

"O ṣeun, ọkọ mi. Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí ọjọ́ tí mi ò ní lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹ."

Fúúmù rò ó pé bóyá tí ilẹ̀ bá mọ́, ara ọkọ̀ á ti balẹ̀. Ẹni tó bá ń tan ara rẹ̀ jẹ, àwáwí kì í wọ́n ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń ké àkéjù nígbà tí ìyá rẹ̀ ń jáde ní géètì. Ó dúró lójú fèrèsé, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Ó ń fọ eyín rẹ̀ lọ.

Òkè kan wà kí èèyàn tó dé ilé ìwé àwọn ọmọ náà. Ibẹ̀ ni jíà ti tú ọwọ́ pátápátá. Màmá Ọlọ́kọ̀ ń tẹ tọ́rótù, ọkọ̀ ń pa dà sẹ́yìn. Kó tó fi orúnkún tó ti gan gbé ẹsẹ̀ sórí bíréèkì, ọkọ̀ ti yí lọ, ó lu ògiri. Àwọn ọmọ figbe ta. Ọmọbìnrin kékeré kan tó jókòó lẹ́yìn kán lápá.

Nígbà tí Fúúmù dé ọsibítù, orí bẹ́ǹṣì ló bá ìyá rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orúnkún ara rẹ̀. "Ẹsẹ̀ yìí ni! Mo rò pé mo tẹ bíréèkì, àṣé mi ò tẹ̀ ẹ́. Yéè! Mo fẹ́ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ!"

Fúúmù kúnlẹ̀ tì í. Ohun tó rí sọ ò ju, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Ó sáré lọ bá Olóòtú pé kó fún òun ní fídíò ọjọ́ Àìkú yẹn. "Fídíò wo?" Olóòtú dá a lóhùn, kò wò ó lójú. "Mo ti pa á rẹ́. Má dárúkọ mi sí i o. Bàbá mi á pa mí."

Bàbá ọmọ tó kán lápá, télọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni àwọn òbí ti pàdé. Màmá Ọlọ́kọ̀ kúnlẹ̀ láàárín wọn, ó ní ẹsẹ̀ òun ló yẹ̀, kí wọ́n dárí ji òun. Wọn ò bú u. Wọ́n kàn mú ọmọ wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ku ẹyọ ọmọ kan. Màmá Ọlọ́kọ̀ ní òun ò fẹ́ fojú kan ọkọ̀ náà mọ́, ó tà á fáwọn tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fi gba ibì kan lọ, tí táyà gba ibòmíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí jíà wọlẹ̀ sí. Iṣẹ́ tó wá rí ni pé kó máa fọ àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ ńlá kan. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ìdánwò àṣekágbá dé. Fúúmù jókòó síwájú ìbéèrè, ariwo búrọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀ lára àtẹ̀gùn ló ń gbọ́. Nígbà tó kúrò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò lọ sílé. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló gbà lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Télọ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "O ti sọ ọ́ tán? Ìyá ẹ fúnra ẹ̀ ló kúnlẹ̀ síbí yìí, tó ní ẹsẹ̀ òun ni. Ṣé irọ́ ló pa mọ́ ara ẹ̀ ni? Ọkọ̀ ọ̀hún dà? Fídíò tó o wí dà?"

Télọ̀ gbé e dìde, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ọmọ tó lè tìtorí ìyá ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ rù, wọn ò pọ̀ mọ́. Àmọ́ má purọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣó o gbọ́?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Òtítọ́ Fúúmù lé e bá lóòótọ́, àmọ́ irọ́ ti dé ilé, ó ti ti ilẹ̀kùn.

Ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Òun gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀.

"Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn," ìyá rẹ̀ bi í, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, "ṣé o rí mi nígbà tí mò ń jáde?"

"Mo rí yín, mà. Mo wà lójú fèrèsé."

Obìnrin náà wo orúnkún rẹ̀ títí. "Mo ti bú ẹsẹ̀ yìí. Mo ti gbá a. Mo ti ní kí Ọlọ́run gé e kúrò lára mi." Ó dìde, ó mú korobá àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, torí àkókò iṣẹ́ ti tó. Fúúmù nawọ́ láti gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó tiro jáde.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ọkọ̀ bàjẹ́ kì í ṣe òpin ayé, mẹkáníìkì wà. Ká ní Fúúmù la ẹnu lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn ni, ìbáwí lásán ni ì bá fara gbà. Òótọ́ ní àsìkò tirẹ̀. Bí àsìkò náà bá ti kọjá, òpùrọ́ ni wọ́n ń pe ẹni tó bá sọ ọ́, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń bà nínú jẹ́ jù.