Àlejò Inú Àyà Tíṣà Bámgbóyè

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ o. Tíṣà Bámgbóyè tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń kọ́ni ní Adó, ọmọ tó bá sì purọ́ níwájú rẹ̀ á jẹgba. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò wá purọ́ mọ́ àyà ara rẹ̀?

Lọ́dún 1956 yìí, wọ́n mú un láti lọ kàwé sí i ní Ìbàdàn. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ ya fọ́tò inú àyà. Kò húkọ́. Ara rẹ̀ kò gbóná. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà gbé fọ́tò náà sójú ìmọ́lẹ̀, ohun funfun róbótó kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóóró ọ̀tún, kò ju hóró àgbàdo lọ.

"Ó lè jẹ́ àpá àìsàn àtijọ́," ni dókítà wí. "Bí kò bá dàgbà láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá dàgbà, iṣẹ́ abẹ ni. Ẹ tọ́jú fọ́tò yìí, a ó fi wé tuntun."

Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀. Níbo ni wọ́n ń tọ́jú fọ́tò sí bí kì í bá ṣe pálọ̀? Ó gbé e kọ́ ojú fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wọn.

"Àtọ́kẹ́, egungun mi lo gbé kọ́ fún aráyé wò?"

"Egungun ọkọ mi ni. Ó rẹwà."

Láràárọ̀, á kúnlẹ̀ kí hóró náà. Ó ní àlejò tí a kò kí kì í sọ ohun tó bá wá. Lẹ́yìn náà, á gbé etí lé àyà ọkọ rẹ̀. Tíṣà fẹ́ràn àkókò yẹn ju oúnjẹ lọ. Ẹ̀rù ń bà á. Kò fẹ́ kú fi Àtọ́kẹ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń bá àyà òun sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Àlejò, ulé yìí ti há jù fún yín. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Àyè wà."

Ilé pa lọ́lọ́. Adìyẹ ẹ̀yìnkùlé dákẹ́. Nǹkan kan dáhùn nínú àyà Tíṣà, ó dún kó bí ẹni kanlẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Oṣù mẹ́ta pé. Fọ́tò tuntun mọ́ tónítóní. Dókítà gbé ti àtijọ́ sójú ìmọ́lẹ̀. Òun náà mọ́. Orúkọ Bámgbóyè ló wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n yà á kò sì yí padà.

"Èmi fojú ara mi rí i," ni dókítà wí. Ó jókòó.

Tíṣà kò yọ̀. Àtọ́kẹ́ ló ń wò.

"Ẹ bá mi ya ti ìyàwó mi náà."

Ẹ̀dọ̀fóóró ọ̀tún. Róbótó. Kò ju hóró àgbàdo lọ.

"Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta," ni dókítà wí.

Nígbà tí wọ́n rìn dé Ọjà Ọba, Tíṣà dúró.

"Àtọ́kẹ́, ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Ẹ má bínú. Èmi mọ àlejò tọ́jú jù yín lọ."

Tíṣà kò lọ sí Ìbàdàn mọ́. Fọ́tò Àtọ́kẹ́ ló wà lójú fèrèsé báyìí. Láràárọ̀, ọkùnrin tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá iléèwé pàápàá ń dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Á wá gbé etí lé àyà ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sílé," ló máa ń wí fún àlejò náà. "Mi ò tilẹ̀kùn."

Oṣù méjì ti lọ nínú oṣù mẹ́ta náà. Kò tíì sí ohun tó dá a lóhùn.