Ọmọ Télọ̀ Pé Kílò Méje

Télọ̀ ni ìyá ọmọ náà, ojú rẹ̀ kì í sì í tàn án jẹ nídìí aṣọ. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ pé oṣù mẹ́fà, ó rán gáùn kékeré kan fún un. Oṣù méjì kọjá, ó yẹ kí gáùn náà ti máa fún un mọ́ra, ńṣe ló ṣì ń yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀. Àyà ìyá já. Ó gbé e lọ sílé ìwòsàn àdúgbò. Kílò mẹ́fà ààbọ̀ tí ọmọ wọ̀n lóṣù méjì sẹ́yìn náà ló tún wọ̀n. Nọ́ọ̀sì ní kí ìyá àti bàbá ọmọ jọ padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí télọ̀ délé, ọkọ rẹ̀, dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù, ti ra ìgò oògùn asanra kan dè é. Ó ní dẹ́rẹ́bà ẹgbẹ́ òun kan ló júwe rẹ̀, pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tiẹ̀ fi kún. Ó ní kí ìyàwó òun kúkú já ọmọ lẹ́nu ọmú, bóyá wàrà rẹ̀ ti di omi lásán.

Ọ̀rọ̀ náà dun télọ̀ wọ egungun, àmọ́ kò bínú sọ̀rọ̀. “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi han nọ́ọ̀sì,” ló sọ. “Bó bá ní kó mu ún, èmi náà ni màá bù ú fún un.”

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì yẹ ọmọ wò látòkè délẹ̀, ó bi wọ́n bóyá ó ń wúkọ́ tàbí ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Kò sí àìsàn kankan. Ó wá ní kí télọ̀ fún un lọ́mú bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ẹ̀ ni fóònù dún: oníbàárà ni. Ìyá fa ọmú yọ, ọmọ figbe ta. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ìyá wa, wàrà yín ò lábùkù. Èyí tó ń jáde kẹ́yìn ló lọ́ràá jù, ẹ kì í sì í jẹ́ kó débẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mu ọ̀kan tán, kó fẹnu ara rẹ̀ tú u sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé èkejì fún un.”

Inú télọ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde jó. Ọkọ rẹ̀ tẹrí ba, ó sì bẹ̀ ẹ́ níwájú nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé oúnjẹ olómi tí ọmọ ń mu nínú fídà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, nọ́ọ̀sì ní oúnjẹ tó bá ń ṣàn kúrò lórí ṣíbí, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kó ki, kó di ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí wọ́n sì lọ ẹyin sísè, ẹ̀wà tàbí ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú òróró díẹ̀. Ó yí ìgò oògùn náà síwá sẹ́yìn: kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

“Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n,” ló sọ. “Ara ọmọ kọ́ la ti máa mọ̀ ọ́n.”

Láti ọjọ́ náà, dẹ́rẹ́bà di aṣọ́nà. Lọ́jọ́ tí kò bá rìnrìn àjò, bí ìyàwó rẹ̀ bá ti gbé ọmọ sáyà, òun ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tó ń sọ fáwọn oníbàárà pé télọ̀ wà nípàdé pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀. Lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ ń tu ẹyin dà nù. Wọn ò fipá mú un, wọn ò sì jáwọ́. Lọ́jọ́ kẹrin ó la ẹnu fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n: kílò méje géérégé. Dẹ́rẹ́bà ò gbà. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, ó ní kí wọ́n tún un wọ̀n, bóyá ìbọ̀sẹ̀ ló wúwo. Kílò méje náà ni. Télọ̀ ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa gbé ọmọ lọ wọ̀n lóṣooṣù. Ọmú nìkan ló tó ọmọ títí tí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, kò nílò omi. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ tó ki, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ọmú sì máa bá a lọ títí yóò fi pé ọdún méjì ó kéré tán. Bí ìwọ̀n rẹ̀ ò bá lọ sókè, ẹ má ra oògùn asanra, ẹ má sì dá ìyá lẹ́bi. Ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí bàbá náà bá wọn lọ.