Ilé Tí Wọ́n Jọ Kọ́ ní Alibon

Iyàn ni Ummuhani àti Olúdayọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ummuhani wà ní ẹ̀ka tó ń yan àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ ilé ìjọba. Olúdayọ̀ ni ayàwòrán ilé tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú pé kó ya ilé ìgbafẹ́ àwọn àgbàlagbà ní àdúgbò Alibon.

"Tọ́ílẹ́ẹ̀tì yìí jìnnà jù," Ummuhani wí, ó fi ìka lé àwòrán náà. "Ìyá tó ń fi ọ̀pá rìn ò ní tètè débẹ̀."

"Tí mo bá gbé e súnmọ́ ìhín, fèrèsé kan máa lọ."

"Ẹ wá ibòmíì fún fèrèsé náà."

Ó wá ibòmíì fún un. Nígbà tó mú àwòrán tuntun wá, ó ra kọfí méjì dání. Ummuhani ti tirẹ̀ padà síwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú. Iṣẹ́ ṣì wà láàárín wa."

Olúdayọ̀ dá méjèèjì mu. Ó dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́. Ó dúró títí wọ́n fi ṣí ilé náà, tí iṣẹ́ parí pátápátá, kó tó pè é.

"Ṣé iṣẹ́ ṣì wà láàárín wa?"

"Ó ti tán," Ummuhani dáhùn. "Tíì ni mo máa ń mu o."

Kò pẹ́ tí ìfẹ́ wọn fi rinlẹ̀. Wàhálà náà ò pẹ́ dé. Alhaji Àmúsà, bàbá Ummuhani, ní òun ò lè fọmọ fún ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Mọ́níkẹ́, ìyá Olúdayọ̀, ní tí ìyàwó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ta ló máa bá òun ṣe ìsọ́jí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àárín èyí ni wọ́n mú ilé náà mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ ilé ìjọba, èyí tí wọ́n ń fún ilé tí wọ́n yà dáadáa, tí wọ́n sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde láìsí màgòmágó. Ọ̀gá Ummuhani pè é sí kọ̀rọ̀.

"Wọ́n ń sọ pé torí ìfẹ́ lo ṣe gbé iṣẹ́ fún un. Má wá síbi ayẹyẹ náà, kí ariwo lè rọlẹ̀."

"Wọ́n bo orúkọ gbogbo àwọn ayàwòrán kí a tó máàkì iṣẹ́ wọn. Mi ò tíì mọ ojú rẹ̀ nígbà yẹn. Mo máa wá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni mo máa jókòó sí."

Nígbà tó sọ ọ́ nílé, bàbá rẹ̀ fi oúnjẹ sílẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?"

"Irọ́ ni, Daddy."

"Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ fi ọ́ pamọ́ bí olè? Èmi náà ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣì wà nílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ba orúkọ ọmọ mi jẹ́."

Ilé Alibon ló gba àmì-ẹ̀yẹ náà. Nígbà tí wọ́n pe Olúdayọ̀, ó na ọwọ́ sí Ummuhani, wọ́n jọ gòkè. Ummuhani gba makirofóònù.

"Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ lẹ́yìn mi. A ò mọra nígbà tí a yan àwòrán yìí. Àwọn tó máàkì rẹ̀ wà níbí, ẹ bi wọ́n. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí báyìí, a ó sì fẹ́ra wa. Mi ò ní fi ìkankan pamọ́ nínú méjèèjì."

Alhaji Àmúsà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, Alhaji kọjú sí Olúdayọ̀. "Mú ìyá rẹ wá sílé mi ní Eastbrook lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹ má wọ aṣọ funfun yẹn wá."

Olúdayọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó dìde. "A máa wá, sà. Ṣùgbọ́n láti ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń bọ̀, sùtánà la máa wọ̀. Mi ò ní sọ fún Ummuhani láé pé kó bọ́ híjáàbù rẹ̀."

Alhaji tún fìlà rẹ̀ dé. "Ẹ ṣáà bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà."

"A kì í wọ bàtà sí sùtánà, sà."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Mọ́níkẹ́ àti ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, ẹsẹ̀ lásán lòun náà fi wá ṣílẹ̀kùn.

"Alhaji, ó kù díẹ̀ kí n má wá," Mọ́níkẹ́ wí.

"Èmi náà, ó kù díẹ̀ kí n má ṣílẹ̀kùn. Ẹ wọlé, ilẹ̀ yẹn tutù."

Kí wọ́n tó dìde níbẹ̀, wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó.