Hóró Ìdẹ̀ra àti Ẹsẹ̀ Ìbíwùmí

Hóró kan wà lẹ́yìn ìbàdí Ìbíwùmí Adéoyè, kò tóbi ju ẹyọ ọkà bàbà lọ. Dókítà ni, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, ara rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fi dán an wò. Hóró ìdẹ̀ra ló sọ ọ́. Látọjọ́ tí wọ́n ti fi sí i lára ni gbogbo ìrora láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ti pa rẹ́. Ó ń rìn, ó ń sáré, ó ń gun òkè, kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń rẹni. Ẹ ò rí i pé orí ọmọ náà pé!

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì dé Òkè-Ìràwọ̀, ojú yín ò tíì rí nǹkan. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń kọ́ Àkàsọ̀ Ọ̀run, òpó irin tó la ìkùukùu kọjá, tí ọkọ̀ òṣùpá yóò máa gúnlẹ̀ sí lórí. Ẹ̀rọ ló ń gbé irin, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló ń so ó pọ̀. Ọ̀ọ́dúnrún agunkàsọ̀ ló ń gbé ẹ̀wù-èémí tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń gun òkè lọ.

Wọ́n ní àṣà kan tí ìlú mìíràn ò ní. Kí ẹnikẹ́ni tó gun òpó náà, yóò kúnlẹ̀ lórí òkúta gbágungbàgun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọn yóò sì ki oríkì ìdílé rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn àgbà á tẹjú mọ́ ọn. Bí ojú rẹ̀ bá fún pọ̀, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní kó lọ sinmi. Ọgọ́rin ọdún rèé, agunkàsọ̀ kan ò já bọ́ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìbíwùmí ló kúnlẹ̀. Bó bá yege, wọn yóò fi hóró ìdẹ̀ra sára gbogbo ọ̀ọ́dúnrún náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n ki oríkì ìdílé Adéoyè, ó gùn débi pé ẹni tó ń kì í mumi lẹ́ẹ̀mejì, Ìbíwùmí ò sì ṣẹ́jú. Ó tún ń rẹ́rìn-ín! Ariwo ayọ̀ ta.

“Ó parí!” Olóyè Akínṣọlá, ọ̀gá iṣẹ́ àkàsọ̀, ló sọ̀rọ̀. “Ẹ tò síbí, ó kan yín.”

“Ẹ dúró ná.”

Màmá Ẹ̀fúnyẹlá ni. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, òun ni olórí àwọn àgbà tó ń wojú, eegun ló sì ń tò láti kékeré. “Ìbíwùmí, bọ́ bàtà rẹ.”

“Màmá, kò dùn mí rárá.”

“Mo gbọ́. Bọ́ ọ.”

Ìbíwùmí jókòó, ó bọ́ ọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹsẹ̀ òsì ti wú, ṣùgbọ́n nígbà tí kò dùn ún, ó rò pé ìdúró pípẹ́ ni. Màmá gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé e lé òsì.

“Ọ̀tún tutù. Òsì gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ, ibi tó yẹ kó tẹ̀ wọnú ló yọ síta. Bí ẹsẹ̀ ìyá mi ṣe rí nìyí. Àtọ̀gbẹ pa iṣan tó ń mọ ìrora lẹ́sẹ̀ wọn, wọn ò mọ ìgbà tí eegun ṣẹ́, wọ́n ń fi rìn lọ sóko lójoojúmọ́.”

“Màmá, àtọ̀gbẹ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́,” ni Olóyè wí. “Ọmọ yìí ò lárùn.”

“Mo sọ pé ó lárùn ni? Ohun tí àrùn yẹn ń ṣe ni hóró yín ń ṣe.”

“Ẹ má bínú, Màmá,” ni Ìbíwùmí wí, “ojoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi bóyá nǹkan ń ṣe mí.”

“O ti pa á lẹ́nu mọ́, o wá ń bi í léèrè.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbíwùmí lára. Ó ní kí wọ́n gbé awònú wá, ẹ̀rọ tó ń fi eegun hàn láìla ẹran. Àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ gbàgàdà lójú gbogbo ènìyàn. Yéè! Àwọn eegun kéékèèké àárín ẹsẹ̀ ti rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ, oríkèé ọrùn ẹsẹ̀ sì ti yẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á tiro, á jókòó, eegun á sì ráyè jinná. Ìbíwùmí ò tiro. Lórí eegun tó ṣẹ́ ló ti ń rìn, tó ń lọ̀ ọ́ kúnná.

Olóyè bẹ̀rẹ̀, ó rọra sọ ọ́ sí i létí. “Ẹsẹ̀ ẹyọ kan ni. Sọ fún wọn pé o ṣubú ni. Oṣù mẹ́ta péré la fi máa parí àkàsọ̀, orúkọ rẹ ló máa wà lára òpó.”

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ìbíwùmí fi ṣe hóró yẹn. Ojú tì í, ó dùn ún wọ ọkàn. Ó wo àwọn tó tò sílẹ̀, ẹgbẹ̀ta ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá, ó sì gbóhùn sókè.

“Èmi Ìbíwùmí, ọmọ Adéoyè, ni mo ṣe hóró yìí, èmi náà ni mo sọ pé kò dáa! Ẹsẹ̀ mi ti fọ́, mo sì kúnlẹ̀ síwájú yín, mò ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá fi sára, àgbà wo ló máa mọ̀ pé ẹ ti ṣèṣe? Ẹ gbé àpótí tí àwọn hóró yòókù wà nínú rẹ̀ wá.”

Wọ́n gbé e wá. Ó da gbogbo hóró náà sínú iná tí wọ́n fi ń yọ́ irin. Màmá Ẹ̀fúnyẹlá ló bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì Adéoyè lákọ̀tun, àwọn agunkàsọ̀ sì gbè é.

Wọ́n yọ hóró ara Ìbíwùmí lọ́jọ́ kejì. Dípò oṣù mẹ́ta, oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi parí Àkàsọ̀ Ọ̀run, kò sì sẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́. Orí àga ni Ìbíwùmí ń jókòó sí nísàlẹ̀ òpó, tó ń yẹ ẹsẹ̀ wọn wò bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, agunkàsọ̀ kan tó ń jẹ́ Tìámíyù tiro dé, ó fajú ro.

“Dókítà, ẹ ti fayé ni wá lára o! Ẹ ò bá jẹ́ kí a lo hóró yẹn. Ẹsẹ̀ yìí ń ro mí bíi kí n gé e dànù!”

Ìbíwùmí gbé awònú lé e. Eegun ti sán, ṣùgbọ́n ojú ibi tó sán tín-ín-rín bí irun. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé,” ló wí, “wàá tún gun òkè.” Omi sì ń dà lójú rẹ̀.

“Dókítà, kí ló dé? Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn.”

Ìbíwùmí ti fi ìka tẹ ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ láàárọ̀ yẹn, bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ gbogbo látìgbà tí wọ́n ti yọ hóró náà. Ẹsẹ̀ náà kò mọ ìrora kankan, hóró ti pa iṣan rẹ̀. Kò sì ní jí mọ́.

“Jọ̀ọ́, Tìámíyù,” ló wí, “tún un sọ fún mi. Báwo ló ṣe ń ro ọ́?”