Abala Tí Tahir Ń Dúró Dè

Iyàn jíjà ló so wọ́n pọ̀. Ọjọ́ Sátidé kan ni, oòrùn mú gan-an, àwọn òǹwòran ò sì ju méjìlá lọ lórí àtẹ̀gùn kọnkéré ní pápá báàsìbọ́ọ̀lù Ìlọrin. Tahir dá jókòó bí ìṣe rẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sàmì sí iye bọ́ọ̀lù tí ọ̀dọ́mọkùnrin ajùbọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Habibullah ń jù.

"Ẹ má wulẹ̀ kà á mọ́," ohùn obìnrin kan sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Apá ti ń ro ọmọ yẹn. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò."

Tahir bojú wẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan ló rí, híjáàbù aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó fi ọwọ́ bo iwájú orí nítorí oòrùn.

"Apá wo ló ń ro ó? Ta ló ti rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá látàárọ̀? Ẹni tó ń jù ú kíákíá báyìí, ìgbà wo la ti rí irú ẹ̀ nílùú yìí?"

"Ó yá lọ́wọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ti ń já wálẹ̀. Ẹni tó kàn yìí á gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀ kọjá ògiri."

Ẹni tó kàn gbá a kọjá ògiri.

Tahir pa ìwé rẹ̀ dé. Ọmọbìnrin náà ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn sọ̀ kalẹ̀ wá sórí àtẹ̀gùn tí Tahir wà, ó fi àyè tó bójú mu sílẹ̀ láàárín wọn, ó ní, "Nusaybah lorúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wo ìwé yẹn."

Ọmọ Àáfà Mọ̀múdù ni Nusaybah. Bàbá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nítòsí Ọjà Tuntun, òun náà sì ń rán híjáàbù ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ilé. Ó ti gbá sọ́fítíbọ́ọ̀lù, eré tó jọ báàsìbọ́ọ̀lù, nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìka rẹ̀ kan ṣì wọ́ títí dòní nítorí ẹ̀. Àáfà ò ní kó má lọ wòran. Ohun tó ń fẹ́ ò ju pé kó ti délé kí wọ́n tó pe ìrun Mògàríbì.

Tahir ní tirẹ̀, ọmọ Gàmbàrí ni. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ti Kánò wá sí Ìlọrin. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ sì ti padà sí Kánò, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, kì í pè é. Iṣẹ́ ìjọba ni Tahir ń ṣe ní GRA, yàrá kan ló sì háyà ní Tanke, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Láti Mọ́ńdè títí di Fráídè, ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀, fáìlì ló ń béèrè. Ó dá wà débi pé nígbà mìíràn, tó bá fẹ́ dáhùn ìkíni, ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ há sí ọ̀fun.

Ní báyìí, ó ti ní ọjọ́ Sátidé. Gbogbo Sátidé ni òun àti Nusaybah ń jà bí ẹni pé àwọn gan-an ni kóòṣì. Kóòṣì Àúdù tó ń darí ẹgbẹ́ ìlú náà máa ń béèrè ohun tí Tahir kọ sínú ìwé, ó sì ń ṣe bíi bàbá fún un. Àwọn ajùbọ́ọ̀lù àgbà ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà tán. Àwọn ọ̀dọ́ ló kù, kò sì sí ẹni tó mọ èwo nínú wọn ló máa gba ẹgbẹ́ là lọ́dún tó ń bọ̀.

"Shehu ni," Nusaybah á ní. Shehu yìí, ọlọ́wọ́ òsì ni, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í yára, àmọ́ ó ń tan àwọn tó fẹ́ gbá a jẹ. "Kí Shehu máa bẹ̀rẹ̀ eré, kí Habibullah máa wọlé níbi tí iná bá ti ń jó."

"Rárá o. Habibullah ló dára jù. Ẹni tó bá dára jù, kí wọ́n fi pamọ́ de abala keje, tí eré fẹ́ parí."

"Tí wọ́n bá ti nà wá tán ní abala karùn-ún ńkọ́?"

"Ká ní sùúrù."

"Bọ̀dá Tahir, sùúrù yín ti pọ̀ jù."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Nusaybah máa ń gbé wàrà wá fún un nínú ike. Tahir náà á ti nu ojú kọnkéré fún un kó tó dé. Kò pẹ́ kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń ro ohun tí wọ́n máa jà lé lórí ní Sátidé. Àmọ́ kò sọ ọ́ jáde. Ẹ̀rù ń bà á. Tó bá sọ ọ́ tí Nusaybah ò gbà, Sátidé náà á lọ, kí ló tún wá kù fún un?

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n gbá àṣekágbá ìdíje, Nusaybah dé, kò jókòó.

"Bọ̀dá Tahir, àwọn ará Jẹ́bbà kan ti wá bá bàbá mi."

"Kí ni wọ́n wá bá a fún?"

"Kí ni wọ́n máa ń wá bá bàbá ọmọbìnrin fún?"

Tahir pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé.

"Mo ti sọ fún bàbá mi pé ẹnì kan wà," Nusaybah ní. "Mi ò dárúkọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dárúkọ ẹni tí kò tíì sọ nǹkan kan? Ó ní kí àwọn èèyàn ẹni náà wá kí Jímọ̀ tó dé, nítorí Jímọ̀ lòun máa dá àwọn ará Jẹ́bbà lóhùn."

"Kóòṣì Àúdù ni mo máa bẹ̀ pé kó bá mi wá. Òun nìkan ló dà bíi bàbá fún mi nílùú yìí. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ dí fún àṣekágbá. Tá a bá ti gbá a tán ní Sátidé, lọ́jọ́ Àìkú—"

"Mo ní Jímọ̀."

"Èsì lásán ni ti Jímọ̀. Tí wọ́n bá fèsì tán, wọ́n á ṣì dá ọjọ́, ọ̀pọ̀ nǹkan ṣì—"

"Tahir!" Kò rántí pe bọ̀dá mọ́, kò sì rántí ẹ̀yin. "Ṣé bọ́ọ̀lù lò ń fi mí gbá ni? Ṣé èmi náà lo fẹ́ fi pamọ́ de abala keje?" Omi ti kún ojú rẹ̀. "Mo fẹ́ràn rẹ. Èmi obìnrin ni mo sọ ọ́ jáde o. Jọ̀ọ́, rán ẹnì kan wá."

"Màá rán wọn," ni Tahir wí. "Olólùfẹ́ mi, màá rán wọn." Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Nusaybah fi etí híjáàbù nu ojú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Lọ́jọ́ Túsìdè, ó lọ bá Kóòṣì Àúdù ní pápá. Kí ó tó la ẹnu, kóòṣì ti bi í pé, "Tahir, ìwọ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, mélòó ni Habibullah jù lọ́sẹ̀ tó kọjá?" Tahir ṣí ìwé. Wọ́n sọ ti Habibullah, wọ́n sọ ti Shehu, wọ́n sọ ti ẹni tó máa rọ́pò wọn tí apá bá rẹ̀ wọ́n. Nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Tahir dìde, ó kí kóòṣì, ó lọ sílé, kò sọ ohun tó bá wá.

Ó tún padà lọ ní Wẹ́sìdè. "Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ."

"Ṣé ó le ni?"

Tahir wo ilẹ̀. Ojú ń tì í pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ń wá bàbá tó máa yá. "Kò le, sà."

"Jẹ́ ká gbá àṣekágbá yìí tán ná. Ohunkóhun tó bá jẹ́, mo wà lẹ́yìn rẹ."

Ọkàn Tahir balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́bọ̀, Nusaybah pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Ó ní tó bá di Àìkú, òun á fi ìròyìn ayọ̀ pè é padà.

Ní Jímọ̀, kò kírun ní mọ́sálásí ọ́fíìsì wọn. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí èyí tó wà nítòsí Ọjà Tuntun, kó lè kọ́kọ́ rí ojú Àáfà Mọ̀múdù, kí ẹ̀rù má baà bà á jù tí òun àti kóòṣì bá wá lọ́jọ́ Àìkú.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, lemọ́mù ní kí àwọn ìjọ ṣì jókòó. Ó ní yìgì kan wà tí wọ́n fẹ́ so. Ọkọ ìyàwó ń padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Sókótó lọ́la, ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí ó bọ́ sí òní. Ó dárúkọ ọkùnrin ará Jẹ́bbà náà. Ó wá ní, "Nusaybah, ọmọ Àáfà Mọ̀múdù."

Tahir gbọ́ orúkọ náà nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó fẹ́ dìde, ó tún jókòó. Kí ló sì fẹ́ sọ tó bá dìde? Bàbá ọmọ dáhùn, ọkọ dáhùn, ó tán. Lemọ́mù gbé ọwọ́ sókè fún àdúà, gbogbo èèyàn gbé ọwọ́, Tahir náà gbé ọwọ́.

Àáfà Mọ̀múdù fúnra rẹ̀ ló ń pín èso dàbínù fún àwọn èèyàn. Bó ṣe dé ìlà sàfú tí Tahir wà, bàbá àgbà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Tahir kí i pé, "Àáfà, ẹ kú oríire. Èyí mà yá o."

"Ọ̀rẹ́ mi, bó ṣe wà ni mo ṣe gbà á," Àáfà dáhùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ yìí ní ẹnì kan wà. Mo ní kí wọ́n wá. Láti àná ni ìyá rẹ̀ ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè wọ́n. A kírun Àsùbá lónìí, a ò rí ẹnì kankan. Ìgbà náà ló sọkún, tó ní kí n ṣe èyí tí mo bá fẹ́. Ẹni yòówù kó jẹ́, kò mọ̀ pé tirẹ̀ ni ǹ bá gbà."

Ó yíjú sí Tahir, ó gbé dàbínù méjì lé e lọ́wọ́. "Gbà, ọmọ mi. Ṣé ìwọ náà ti níyàwó?"

"Rárá, Àáfà."

"Ọlọ́run á ṣe tìrẹ náà ní ìrọ̀rùn."

"Àmín," ni Tahir wí.

Kò wọ kẹ̀kẹ́ padà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti ibẹ̀ títí dé Tanke, dàbínù wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ti rọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tàkúrọ̀sọ lẹ́nu géètì, wọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè kọjá. Ó ṣí yàrá rẹ̀, ó jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bi í níbi tó ti ń bọ̀.