Tòmátì Mẹ́ta Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Òwú funfun tí mo so mọ́ ẹ̀ka náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tòmátì kò sí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ ewé, mo wo ilẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n lálẹ́ àná. Ẹyọ kan kò kù.

Nílé wa ní Kàbbà, tòmátì tí a bá so òwú mọ́, irúgbìn ni. A ó fi í sílẹ̀ títí yóò fi pọ́n kọjá pípọ́n. Àlejò kò gbọdọ̀ já a, ẹni tí ebi ń pa kò gbọdọ̀ já a, èmi tí mo so ó pàápàá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí ọjọ́ tó pé.

Ewúrẹ́ Rebecca, aládùúgbò wa, ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo gbé ọmọ odó, mo lé ẹranko aláìṣẹ̀ yìí yí ilé ká títí ìró mi fi tú bọ́ sílẹ̀. Ẹ wo ìyá àgbà ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, pẹ̀lú tòbí nìkan nídìí, tó ń lé ewúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Rebecca rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, èmi náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo padà síbẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé èso náà. Ewúrẹ́ kì í lo ọ̀bẹ. Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi pamọ́ fún gbogbo ilé. Ìyá ọkọ mi ló mú irú tòmátì yìí wá láti ìlú Ayewa nígbà tó wá ṣe ìyàwó ní Kàbbà. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ní ìlà lára bí elégédé, ọbẹ̀ rẹ̀ sì máa ń ki láìfi ohunkóhun kún un. Ọdọọdún ni mò ń tọ́jú irúgbìn rẹ̀ pẹ̀lú eérú sínú ìgò kan lókè ààrò. Lọ́dún tó kọjá, mo ra irúgbìn inú pákẹ́ẹ̀tì lọ́jà. Mo gbìn ín, ó so bí ẹni pé wọ́n ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo lọ gbogbo ti àtijọ́ sọ́bẹ̀, n kò pa irúgbìn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo wá gbin ọmọ ti inú pákẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́dún yìí, kò jọ ìyá rẹ̀ rárá. Òmíràn kéré bí ikàn wẹ́wẹ́, òmíràn kò tilẹ̀ so. Mo sáré padà sídìí ìgò. Ìwọ̀nba irúgbìn tó kù nínú rẹ̀ ti gbó, kò hù.

Ojú tì mí débi pé mo rọ eérú kún ìgò náà, mo gbé e padà sókè kí wọ́n lè rò pé irúgbìn wà nínú rẹ̀. Ọlọ́run ló ṣàánú mi tí igi kan ṣoṣo fi lalẹ̀ hù lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ mi ń ṣàn sí. Bóyá ìdọ̀tí ara mi ló fi sanra, n kò mọ̀. Èso mẹ́ta ló so, àwọn mẹ́ta yẹn ni gbogbo ohun tó kù nínú ìran tòmátì náà.

Bí mo ti ń wo ojú ọ̀bẹ lára ẹ̀ka, Nàíìmà sọ sí mi lọ́kàn. Ọmọ ọmọ mi ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ náà ni ìdánwò iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn níléèwé. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ mú èso mẹ́ta wá nínú tòmátì tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn nílé. Ti Nàíìmà sì ti gbẹ kú, nítorí òun àti Ṣọlápé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wo fíìmù lórí fóònù nígbà tó yẹ kó bomi rin ín.

Mo gun ọ̀kadà. Mo ní kí ọlọ́kadà sáré. Nígbà tó sáré, mo ní kó má pa mí.

Lábẹ́ igi máńgòrò iléèwé, wọ́n to àwo sórí tábìlì gígùn níwájú àwọn àlejò tó wá wo ìdánwò náà. Mo rí tòmátì ìyá ọkọ mi nínú àwo kan, orúkọ Nàíìmà wà níwájú rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, olùkọ́ wọn, ti tẹrí ba níwájú mi. Ó kí mi bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ wa, "Okun o, Màmá," ó sì kéde fún gbogbo èèyàn pé èmi ni ìyá àgbà ọmọ tó gba ipò kìn-ín-ní, pé òun kò tíì rí irú tòmátì bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Kí n má purọ́ fún yín, orí mi wú. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí sì wọ́, mo tún ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìyá ìyàwó.

Ìgbà náà ni olùkọ́ sọ fún Rachel, obìnrin tó ń dáná fún wọn, pé kó kó gbogbo tòmátì sínú bàsíà, kó lọ lọ̀ ọ́ fún ọbẹ̀ àwọn àlejò. Ẹ̀rọ ìlọta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Mo fa Nàíìmà lọ sẹ́yìn igi máńgòrò.

"Ìyá, ẹ má bínú," ló kọ́kọ́ sọ. "Mo rò pé irúgbìn ṣì kún inú ìgò."

"Eérú ló kún ìgò. Irúgbìn kankan kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo tàn yín."

Ó wò mí lójú. "Ṣé àwọn mẹ́ta yẹn nìkan ló kù?"

"Àwọn nìkan ni."

Ṣọlápé ti dé ẹ̀gbẹ́ wa. Ó rọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó panu mọ́, pé tó bá sọ̀rọ̀, ipò kìn-ín-ní á di òdo, gbogbo iléèwé á sì máa pè é lólè. Ó ní tòmátì ni tòmátì, èyí tó dára ju ìyẹn lọ wà lọ́jà. Bó ti ń sọ ọ́ ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Rachel ti da ata sí i, ó ti ń bu tòmátì lé e. Mo fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ dójú ti ọmọ náà, mo dúró sójú kan.

Nàíìmà sáré. Ó ń pe Rachel, ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kó gbọ́. Ó na ara rẹ̀ bo bàsíà náà. Rachel gbá a lọ́wọ́, kò kúrò. Nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ, ojú gbogbo èèyàn wà lára rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kì í ṣe tèmi," ó ní. "Tèmi ti kú. Mo jí èyí gé níbi tí ìyá àgbà mi so òwú mọ́. Irúgbìn ni."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ bírò, ó fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀, ó kọ òdo. Mo bọ́ síwájú, mo sọ ọ̀rọ̀ eérú àti ti ewúrẹ́ fún gbogbo wọn, kí ọmọ náà má dá ìtìjú rù. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ó tọ́ sí mi.

Èmi àti Nàíìmà kúnlẹ̀ ti bàsíà, a ń fi ìlà ara tòmátì wa dá wọn mọ̀. A rí ọ̀kan. Ó pẹ́ kí a tó rí èkejì. A kò rí ẹ̀kẹta; ó ti bá ata lọ.

Odindi táàmù kan ni wọ́n fi pe Nàíìmà ní Ewúrẹ́ Ọlọ́bẹ. Ṣọlápé kò bá a jókòó mọ́. Ṣùgbọ́n Nàíìmà fúnra rẹ̀ ló fọ irúgbìn inú tòmátì méjèèjì, tó sá wọn lórí bébà, tó gbìn wọ́n nígbà tí àkókò tó. Lẹ́yìn ìrun àsùbá ló máa ń bomi rin wọ́n lójoojúmọ́. Igi mẹ́tàdínlógún ló hù. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé wá wò wọ́n, ó yìn ín, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún irúgbìn. Kò pa òdo náà rẹ́. Nàíìmà kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á rẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyìn tí a jí gbà kì í pẹ́ lára ẹni. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, àṣìṣe tí a bá fi pamọ́ fún ọmọ, ọmọ náà ni yóò ṣubú sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀, kó tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ọ̀ràn ṣì wà nínú bàsíà, nítorí èyí tó bá ti bá ata lọ, kò sí ọwọ́ tó lè ṣà á jáde mọ́.