Ẹ Má Dìde, Bàbá

Ẹsẹ̀ kan ni obìnrin náà fi dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì ń jẹ ẹ̀pà bí ẹni tó jókòó sílé ara rẹ̀. Híjáàbù aláwọ̀ aró ló wé, bàtà kánfáàsì funfun ló wọ̀. Oyèbọ̀dé wò ó títí, ó gbàgbé pé wọ́n ní kí òun náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

"Alàgbà, ẹ tiẹ̀ gbé e díẹ̀," ni obìnrin náà wí, kò yíjú. "Èmi kọ́ ni eré ìdárayá tí ẹ wá ṣe. Ẹ̀pà ni mo ń jẹ ní tèmi."

Oyèbọ̀dé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya òun pàápàá lẹ́nu, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀.

Pápá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn ní àdúgbò Dichemso ni wọ́n wà, níbi tí àwọn àgbà ti ń ṣe eré ìdárayá láàárọ̀ Sátidé. Ìtìjú ló gbé Oyèbọ̀dé dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣáájú, ó jókòó sórí àpótí lágbàlá rẹ̀ ní Sawaba kó lè fọ ẹsẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Ibẹ̀ ló wà, omi gbẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, oòrùn yí kúrò lórí rẹ̀, títí Adwoa aládùúgbò rẹ̀ fi ti ọjà dé. "Ao, Paapa, due!" ni Adwoa ń kí i pẹ̀lẹ́ lédè rẹ̀ bó ṣe ń fà á sókè bí ọmọ ọwọ́.

Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà ló ń ju àpò sìmẹ́ńtì léjìká nígbà kan bí ẹni ju ìrọ̀rí. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ kú ló jókòó. Rahim, ọmọ rẹ̀, á pè é láti Accra pé, "Bàbá, ẹ sinmi o." Bí ó bá fẹ́ bu omi mu, aládùúgbò á sáré wọlé: "Ẹ má dìde, Bàbá!" Ní mọ́sálásí pàápàá, àga ni wọ́n ń gbé fún un. Ìbọ̀wọ̀ fágbà ni gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó ro ibi. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: itan rẹ̀ ń joro nínú ṣòkòtò, ilé ń dákẹ́ sí i, ó di pé ó ń kí agbọ̀rọ̀sọ rédíò káàárọ̀.

Tolúwani, ọmọbìnrin tó wá láti Nàìjíríà tó ń darí wọn, tẹ itan Oyèbọ̀dé wò. "Bàbá, iṣan tí a kò bá lò ló ń sá lọ. Ọjọ́ orí á máa bù ú lójoojúmọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ máa fi kún un. Ẹ máa dìde lórí àga láìfọwọ́tì, ẹ máa gbé ohun tó wúwo, ẹ máa jẹ ẹyin àti ẹ̀wà. Iṣan arúgbó ṣì ń gbọ́ràn."

"Tèmi ti dití," ni Oyèbọ̀dé dáhùn.

"Ẹ pariwo sí i nígbà náà," ni aláwọ̀ aró sọ, gbogbo pápá sì bú sẹ́rìn-ín.

Nímátù lorúkọ rẹ̀. Opó ni, Ayigya ló ń gbé, ó ń ran aṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láti ọjọ́ náà, bí eré bá ti parí, àwọn méjèèjì á jọ lọ mu kókó, irú ògì kan, lẹ́bàá títì. Ó sọ Oyèbọ̀dé ní Bàbá Alága. Oyèbọ̀dé sọ ọ́ ní Ẹlẹ́pà mi. Oyèbọ̀dé wá ń bínú sí ọ̀sẹ̀ pé ó gùn jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kókó ti tutù níwájú rẹ̀, ó ní: "Ẹlẹ́pà mi, ilé mi tóbi jù fún ẹnì kan. Mo fẹ́ gbé ọ níyàwó."

Ẹ̀rín kú lójú Nímátù.

"Bàbá Rahim, ta ni yóò gbé ta? Ọkọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn títí mo fi gbàgbé pé ó ti rìn rí. Èmi ni mò ń gbé e lọ ilé ìwẹ̀, èmi ni mò ń gbé e bọ̀. Mo fẹ́ràn yín, wallahi. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ọkùnrin mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò lè dìde nílẹ̀, ẹ fẹ́ kí n wá tún bẹ̀rẹ̀?"

Oyèbọ̀dé fi kókó rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ilé. Kò lọ sí pápá mọ́.

Ilé tó tóbi jù tẹ́lẹ̀ tún wá fẹ̀ sí i. Ojú ń tì í, inú sì ń bí i, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Ó fa àga kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń dìde, ó ń jókòó. Ó rọ yanrìn sínú ìkòkò àlùmíníọ̀mù, ó ń gbé e káàkiri àgbàlá. Nígbà tí itan rẹ̀ le díẹ̀, ó tẹ́ ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀ kó lè dìde. Adwoa yọjú, ó figbe ta.

"Paapa, tena ase! Ẹ jókòó!"

"Adwoa, gyae me, fi mí sílẹ̀. Mò ń dìde."

Ọjọ́ tó padà sí pápá, Nímátù ni ó kọ́kọ́ rí i. Obìnrin náà gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ojú ọ̀nà ni mo ń wò láti ọjọ́ yìí. Ẹ lè bínú sí mi, ẹ má kàn dákẹ́ sí mi."

"Ẹni tí o ní kò lè dìde ló ń kọ́ ìdìde."

Nímátù wò ó pẹ́. "Ẹ lọ rí ẹ̀gbọ́n mi," ló sọ.

Alhaji Yúnúsà, ẹ̀gbọ́n Nímátù, kéré sí Oyèbọ̀dé lọ́jọ́ orí. Nígbà tí Oyèbọ̀dé àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kó ẹ̀bùn ìgbéyàwó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó tó kí ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀, Alhaji fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sí i. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, àgbà ni yín. Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ti tó."

Ọ̀nà àbáyọ rèé, iyì sì tún wà níbẹ̀. Oyèbọ̀dé wo àárín àwọn obìnrin, ó rí i pé Nímátù ń wo ilẹ̀. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹní.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé sáré dìde. "Ẹ gbé Bàbá! Ẹ gbé wọn!"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀!"

Nímátù ló kígbe, ìyàwó tí kò yẹ kó gbóhùn sókè. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà dúró. Oyèbọ̀dé yí sí ẹ̀gbẹ́, ó fọwọ́ tẹlẹ̀, ó gbé orúnkún kan. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ yẹ̀, ó padà wálẹ̀, ẹnìkan sì mí kanlẹ̀ lẹ́yìn. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ti itan rẹ̀, ó sì ń lọ sókè, ó ń lọ, títí ó fi dúró ṣánṣán. Alhaji Yúnúsà nu ojú.

Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn méjèèjì jókòó sí ẹ̀bá ògiri níta. Itan Oyèbọ̀dé ṣì ń dùn ún.

"Nímátù, mi ò fẹ́ tàn ọ́. Bó ti wù kí n ṣe é tó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mi ò ní lè dìde mọ́. Ṣé o rò ó?"

Nímátù fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti ọkùnrin náà.

"Mo rò ó. Nígbà tó bá fi máa dé, orúnkún tèmi náà á ti kọ̀. A óò jọ jókòó ni, olówó orí mi. Ẹ ò ní dá jókòó mọ́."